Ta Ló Fín Ta Níràn?

Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àìrí ara ẹni. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ṣé ẹ ń lo ẹ̀rọ etí yẹn, àbí ẹ tún ti tọ́jú u sínú àpótí pé ariwo rẹ̀ pọ̀ jù? Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín dúró ní kóòtù, tí ẹ ń gbọ́ tẹnu ẹlẹ́jọ́ kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀ fún adájọ́, ẹ wá ní ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó. Nítorí etí yín yìí ni mo ṣe gbà pé kí á máa kọ lẹ́tà síra wa. Ó tẹ́ ọkọ mi náà lọ́rùn, ó ní fóònù ti pọ̀ jù nínú ilé yìí.

Iṣẹ́ ń lọ ní ìlú òyìnbó níbí. Mo ṣì wà ní ilé ìfọṣọ ọsibítù. Ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ, ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́, àmọ́ ṣíìtì ńlá kò ṣeé fi ẹ̀rọ ká. Èèyàn méjì ló ń ká a. Ẹ ó di igun méjì mú, ẹnìkejì yín á di igun méjì mú, ẹ ó gbọ́wọ́ sókè, ẹ ó nà án, ẹ ó wá rìn pàdé ara yín bí ẹni fẹ́ kíra. Ẹnìkejì mi kì í dákẹ́, ìtàn rẹ̀ kì í tán. Ọ̀gá wa obìnrin là ń pè ní Ojú Àwòdì, nítorí kò sí àbàwọ́n tó lè sá pamọ́ fún un.

Ọkọ mi ní kí n kí yín. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti gbèrú. Bí ilẹ̀kùn bá ti ènìyàn mọ́ ìta, òun ni wọ́n ń pè, kò sì tíì sí ilẹ̀kùn tó ṣẹ́gun rẹ̀.

Bàbá, ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, provoke, mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lò ó ni kò yé mi mọ́. Ẹnìkan wà níbí tí kì í jẹ́ kó kúrò lẹ́nu. Bí èèyàn bá dákẹ́, ṣé a lè sọ pé ó provoke ẹnìkejì? Bí oúnjẹ bá tutù kí onílé tó dé ńkọ́? Bí obìnrin bá rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́? Bí ó bá tọrọ àforíjì, tí wọ́n ní bí ó ṣe tọrọ rẹ̀ gan-an ló burú? Ẹ fi àpẹẹrẹ yé mi, bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà nílé ìwé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ yín,
Oníbèéèrè


Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì

Oníbèéèrè mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń ké bí mo bá ń dìde. Ẹ̀rọ etí wà, kò sí bátìrì nínú rẹ̀ ni. Èyí tí o ṣèlérí kò tíì dé. Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?

O wá gbé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn wá bá mi. Jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni provoke, ẹni méjì ló sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ó tó dúró: ẹni tó ṣe nǹkan, àti ẹni tí ìbínú rẹ̀ ru sókè nítorí nǹkan náà. Ní èdè tiwa, fínràn ló sún mọ́ ọn jù. Ajá ń sùn jẹ́jẹ́, ọmọ fi igi gún un nímú, ajá bù ú jẹ. Ọmọ yẹn ló provoke ajá. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó bá bí èèyàn nínú ni fífínràn. Òjò lè bí ọ nínú lọ́jọ́ tí o sá aṣọ, òjò kò fín ọ níràn, ohun tó wá ṣe ló ń ṣe.

Bí ọkùnrin bá dé kóòtù tó ní wọ́n provoke òun, adájọ́ kì í kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Á bi í pé kí ni wọ́n ṣe fún un gan-an. Á bi í bóyá èèyàn bí ẹlòmíràn lè gbàgbé ara rẹ̀ nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àti bóyá ara rẹ̀ ti rọlẹ̀ kí ó tó gbé ọwọ́ sókè. Nítorí náà, ẹni tó dákẹ́ kò fín ẹnikẹ́ni níràn. Ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀rín ló rín. Ti àforíjì yẹn kò tilẹ̀ yé mi. Níbo lo ti ń rí àwọn àpẹẹrẹ yìí?

Ti oúnjẹ nìkan ni mo fẹ́ rò dáadáa. Oúnjẹ tútù lè fín ọkùnrin tí ebi ń pa níràn o! Kí ìyá rẹ wà láyé ni, òun ni ì bá jẹ́rìí. Ọjọ́ tó gbé oúnjẹ tútù síwájú mi, mo bínú, mo bínú, títí mo fi jẹ ẹ́ tán, mo sì tún ní kí ó bu sí i.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló ń fi ọ̀rọ̀ náà yọ ọ́ lẹ́nu, ṣe sùúrù, ìbínú kò da nǹkan. Bá mi kí ọkọ rẹ. Máa tọ́jú rẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Orúnkún yín ńkọ́? Bátìrì ti wà nílẹ̀, mi ò tíì rí àyè dé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. N kì í dá jáde mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń kọ èyí, lórí tábìlì táwẹ́ẹ̀lì.

Bàbá, ọkọ mi ló kọ́kọ́ ka lẹ́tà yín. Òun ló ń ṣí gbogbo ohun tó bá wọlé. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àgbà kóòtù ti dájọ́. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ibi tí ẹ ti kọ ti oúnjẹ tútù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fíríìjì. Ó kọ́kọ́ pa èmi náà lẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ni. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ báyìí. Bí mo bá fẹ́ mu omi, ìwé yín ni mo máa kọ́kọ́ kà. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbèrò ibi, àmọ́ ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Inú bí mi sí yín, mo sì sunkún.

Mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Apá mi òsì kò gòkè dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wa kò ṣeé fi apá kan ṣe. Ẹnìkejì mi á gbé tirẹ̀ sókè, tèmi á wà nísàlẹ̀, ṣíìtì á máa wọ́lẹ̀, a ó tún dá a padà fún àwọn tó ń fọ̀ ọ́. Ojú Àwòdì wá, ó wo apá mi, ó wo ojú mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ní kí n lọ máa ká táwẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ nínú lẹ́tà tó ń bọ̀ nílé. Ẹ kọ nípa òjò. Ẹ kọ nípa àwọn aládùúgbò.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ẹyọ kan. Ní kóòtù yẹn, bí adájọ́ bá bèèrè ohun tí obìnrin náà ṣe, ta ló máa ń dáhùn? Ṣé wọ́n máa ń bi obìnrin náà fúnra rẹ̀?

Ọmọ yín,
Oníbèéèrè


Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

O ní kí n kọ nípa òjò. Òjò kò rọ̀. Àwọn aládùúgbò wà. Ó tán.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fi bá ọ ṣeré, tí mo fi rántí ìyá rẹ, n kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò fi ṣe òfin. Yọ ìwé yẹn kúrò lójú fíríìjì. Sọ pé èmi ni mo ní kí o yọ ọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. O ní o ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn wo? Ìwọ lo sọ fún mi pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ ń gbé, pé bàtà àwọn tó ń kọjá ni ẹ ń rí lójú fèrèsé. Ta ni ẹni tí kì í jẹ́ kí provoke kúrò lẹ́nu? Ṣé ọkọ rẹ ni? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kí o dá mi lóhùn.

Ìwọ náà, àna mi, mo mọ̀ pé ìwọ ni yóò kọ́kọ́ ka èyí. Mo kí ọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní, n kò sì fún ọ kí o máa lù ú. Bí inú bá bí ọ, ilẹ̀kùn wà, jáde, rìn yí ilé ká títí yóò fi rọlẹ̀. Bí mo bá ṣì ọ́ rò, kọ̀wé sí mi, n ó tọrọ àforíjì bí ó ti yẹ.

Bàbá yín


Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹfà

Bàbá,

Mo wà ní àlàáfíà. Ọkọ mi náà wà ní àlàáfíà. Lẹ́tà yín tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ kò dára, ó sì dun ọkọ mi púpọ̀ nítorí kò ṣẹ̀ yín rí.

Àtẹ̀gùn ọsibítù ni mo ti ṣubú. Òótọ́ ni pé mo máa ń provoke ọkọ mi. Ẹnu mi ló pọ̀ jù. Onísùúrù èèyàn ni, mo sì ti ń tún ìwà mi ṣe. A ti fohùn ṣọ̀kan pé kí n fi iṣẹ́ ilé ìfọṣọ sílẹ̀ ní ìparí oṣù tó ń bọ̀ kí n lè ráyè gbọ́ ti ilé.

Ẹ má kọ lẹ́tà mọ́ títí a ó fi kọ sí yín.

Ọmọ yín


Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹfà

Oníbèéèrè mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Lẹ́yìn àpòòwé tí o fi ránṣẹ́ ní Oṣù Kẹta ni mo ti rí àdírẹ́sì ọsibítù. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́ nínú ìwé kékeré pé kí ó fi tìrẹ lé ọ lọ́wọ́ níbi tí ojú kò sí. Obìnrin tó wo apá rẹ tó wo ojú rẹ tí kò béèrè nǹkan kan, ó ti mọ̀.

Lẹ́tà tó dé kẹ́yìn yẹn, ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́, kì í ṣe ìwọ lo sọ ọ́. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ dàgbà ló jẹ́ kí n mọ̀. Ògbufọ̀ kóòtù kì í sọ pé, “Ó ní òun ló jí i.” Bí ẹlẹ́jọ́ bá ní “mo jí i,” èmi náà á ní “mo jí i.” N kò gbọ́dọ̀ fi kún un, n kò gbọ́dọ̀ yọ nínú rẹ̀. Mo ti fi ẹnu yìí jẹ́ olè, mo ti fi jẹ́ oníjìbìtì, mo ti fi jẹ́ apànìyàn, kí n tó lọ sílé lọ jẹun ọ̀sán. Nítorí náà bí “mo” kan bá jẹ́ àyálò, kò lè pamọ́ fún mi. Bí ìyẹn kò bá sì tó, láti ìgbà tí o ti mọ ìwé kọ, o kò kọ lẹ́tà sí mi rí láìbi mí ní ìbéèrè. Èyí kò ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú.

O bi mí pé ta ló ń dáhùn, mo sì gbé e fò. Ẹ̀rù ló bà mí. Ọkùnrin náà ló ń dáhùn. Nínú irú ẹjọ́ tí mò ń wí yìí, obìnrin náà kì í sí láyé mọ́ kí wọ́n tó bi í.

Káfíńtà kan wà tí wọ́n gbé wá, èèyàn pẹ̀lẹ́, ó ń kí gbogbo wa láràárọ̀. Ó ní ìyàwó òun provoke òun. Adájọ́ ní kí ni ó ṣe? Ó ní ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ó bú ọ ni? Ó ní rárá. Ṣé ó mú nǹkan dání? Ó ní báàgì ni, ó sì ti wọ bàtà. Adájọ́ dúró dè é bóyá ó kù, kò kù. Èmi ni mo gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo dúró láàárín kóòtù, mo sì ń fi ẹnu ara mi sọ pé ìyàwó mi fín mi níràn nítorí pé ó wọ bàtà. Ìyá rẹ ń dúró dè mí nílé lọ́jọ́ náà. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́. Má sọ fún un pé o fẹ́ lọ. Má dágbére. Má di ẹrù. Má jẹ́ kí ó rí ọ pẹ̀lú báàgì lẹ́nu ọ̀nà. Ibi iṣẹ́ ni kí o ti lọ, pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ, kí ó tó gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ ọ̀nà tí lẹ́tà mi ìbá tún gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Má fèsì bí kò bá sí àyè. Mo kàn fẹ́ kí o lọ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹwàá

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìfojúsọ́nà. Ẹ kú àìsùn. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń kú ikú kéékèèké láti ọjọ́ yìí wá, ẹ forí jì mí. Mo ti jáde, láti Oṣù Keje.

Yàrá tí a ń to ṣíìtì mímọ́ sí ni Ojú Àwòdì ti fún mi ní lẹ́tà yín. Ó jẹ́ kí n kà á tán. Ó wá ní, “Ọjọ́ wo?” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Ó ní òun kò béèrè ìyẹn, ọjọ́ wo? Mo ní ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, wọ́n ní kí n wọ mọ́tò tó ń kó aṣọ lọ sí ọsibítù kejì, mo jókòó sáàárín àwọn àpò. Ọkọ mi ti dúró ní géètì iwájú, nítorí ó ti ń wá mú mi lójoojúmọ́ láti ìgbà lẹ́tà yín ti Oṣù Kẹrin. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ó ń wo aago.

Ìlú mìíràn ni mo wà, nílé tí wọ́n ń gbé àwọn obìnrin tó sá fún ọkọ wọn pamọ́ sí. Yàrá mi kéré, bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Apá mi ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní egungun ni ó ti sán tí ó sì fúnra rẹ̀ jinná, ó jinná ní wíwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó máa dùn mọ́ yín. Wọ́n mú mi dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ọ̀rọ̀ ẹni sílẹ̀. Wọ́n pe obìnrin kan tó gbọ́ èdè wa pé kí ó máa túmọ̀. Mo ní, “Ó lù mí.” Dípò kí ó túmọ̀ rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, “Kí lo ṣe fún un?” Bàbá, ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò béèrè bẹ́ẹ̀ o! Inú mi ru. Mo ní, “Ìyá, ẹ má fi kún un. Iṣẹ́ yìí ni bàbá mi ṣe.” Ojú tì í. Mo kúkú sọ ìyókù ní Gẹ̀ẹ́sì fúnra mi, ó mẹ́hẹ, àmọ́ tèmi ni.

Ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó ilé yìí ń yangàn pé kò sí ẹ̀dá tó lè ṣí ilẹ̀kùn wa. Mo wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ọkọ mi á ṣí i kí omi tó hó lórí iná. Àìmọ ibi tí ilẹ̀kùn náà wà nìkan ló dá a dúró. Ojú Àwòdì sọ fún mi lórí fóònù pé ó ti ń bèèrè mi kiri, pé ó lọ bá ẹnìkejì mi tí a jọ ń ká ṣíìtì nílé, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo kọ àdírẹ́sì mi sínú ìwé kékeré tó wà nínú èyí. Wọ́n ní kí n má fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bàbá mi kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ máa kọ̀wé sí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ bá mi wí, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sọ nípa orúnkún yín. Ṣé ẹ máa ń jẹun? Ta ló ń bá yín fọṣọ?

Ọmọ yín,
Oníbèéèrè


Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejìlá

Ọmọ mi,

N kò ní kí ọ pẹ́. Ọkọ rẹ wà ní pálọ̀ mi.

Ọ̀sán yìí ló dé, pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́, ó ní láti pápákọ̀ òfuurufú ni òun ti wá tààrà. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ti rù. Ó ní òun wá bẹ̀ mí, kí n lè bá òun bẹ̀ ọ́. Ó sunkún, omi gidi ló jáde lójú rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní òun kò fẹ́ ju kí òun rí ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n sọ orúkọ òpópónà nìkan fún òun, òun kò nílò nọ́ńbà ilé.

Mo ní n kò lè sọ ọ́. Ó nu ojú, ó dìde, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ó fi ẹnu sún mọ́ etí mi kí n lè gbọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín mi níràn.” Mo bi í léèrè gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ṣe máa ń bèèrè, mo ní kí ni mo ṣe? Ó ní, “Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ kàn ń wò mí.”

Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Arúgbó ni mí. Mo ní kí ó fún mi láyè kí n wọ yàrá lọ wá ìwé tí àdírẹ́sì wà nínú rẹ̀. Inú yàrá náà ni mo ti ń kọ èyí. Mo ti tilẹ̀kùn, ìwọ náà sì mọ ohun tí ìyẹn já mọ́ lójú rẹ̀. Etí mi kò lè sọ fún mi bí ó bá dìde, nítorí náà bí mo bá kọ ìlà kan, mo máa ń gbójú sókè wo ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Mo juwọ́ sí aránṣọ ẹ̀yìnkùlé, ó wá dúró lábẹ́ fèrèsé, ó ń dúró de àpòòwé yìí. Ó ti ránṣẹ́ sí àwọn ọkùnrin àdúgbò pé kí wọ́n wá bá mi jókòó. Bóyá wọ́n á tètè dé.

Gbọ́ mi dáadáa. Má kọ̀wé sí ilé yìí mọ́, nítorí òǹtẹ̀ ìlú tí o wà máa ń hàn lára sítáǹbù, ó sì ti sọ fún mi pé òun yóò bá mi gbé fún ìgbà díẹ̀. Má fi iṣẹ́ rán ẹnikẹ́ni. Mo ti jó lẹ́tà rẹ ti Oṣù Kẹwàá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ku ìwé kékeré yẹn. Ẹnu mi ni n kò gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tí wọ́n bá fi sí i ló ti ń sọ láti ìgbà èwe mi, bí mo bá sì mọ ibi tí o wà, n ó sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, bóyá nínú àìsàn, bóyá lójú oorun, bóyá nígbà tí ó bá di apá mi mú.

Bí mo bá kú, kò sí ẹni tí yóò mọ ibi tí wọn ó ránṣẹ́ sí. Mo ti rò ó débẹ̀. Ó dùn mí wọra, mo sì gbà á. Jẹun dáadáa. Jẹ́ kí wọ́n wo apá yẹn. Máa bèèrè ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o béèrè jù. Mo fẹ́ràn rẹ ju bí mo ti ń sọ ọ́ lọ.

Mo ti kọ àdírẹ́sì rẹ sára àpòòwé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wò ó, kí ó má baà dúró sí mi lórí. Orúkọ òpópónà yẹn le, ahọ́n mi kò mú un, mo sì dúpẹ́. Ìṣáná ti wà lọ́wọ́ mi. Bí ìwé náà bá ti jó tán, n ó ṣílẹ̀kùn, n ó jáde lọ bá a. Yóò tún bi mí. N ó sì sọ fún un pé n kò mọ ibi tí ọmọ mi wà.

Bàbá rẹ